Ibi Tí Oorun Ti Gbé Mi Lọ

Oṣù méjì kí n tó bímọ ni mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀. Fóòmù tó rọ̀ bí òwú ni mo fi sí i, mo tẹ́ aṣọ onírun lé e lórí, mo fi irọ̀rí kékeré síbi orí, mo sì so tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi rẹ̀ yípo kí ọmọ má baà forí gbá a. Bèbí aláṣọ méjì jókòó sí igun. Lálaalẹ́ ni mo máa ń lọ dúró síbẹ̀, màá fọwọ́ pa aṣọ náà, inú mi á sì dùn pé kò sí ohun tó le tí ara ọmọ yìí máa kàn.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wá wò wá nílé. Ó wo ìwọ́ rẹ̀, ó wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá ó ti ń ní àwọ̀ ìyeyè, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ibi tí ọmọ ń sùn han òun. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò bú mi o. Ó kàn ní, "Ìyá Ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yẹn jáde." Mo kó wọn tán, ó ku fóòmù nìkan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóòmù náà, ọwọ́ rẹ̀ sì rì sínú rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ọwọ́ mi bá rì sí, imú ọmọ á rì síbẹ̀ náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo gbalaja yẹn dà lójú mi bí ibùsùn ọmọ tí kò lẹ́nìkan. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi. Orí ọmọ tuntun wúwo ju agbára ọrùn rẹ̀ lọ. Tí imú rẹ̀ bá kan ohun tó rọ̀, èémí tó mí jáde kò ní rí ọ̀nà lọ, á kóra jọ síbi imú, ọmọ á sì tún máa fà á símú. Afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán ni ó ń mí. Bó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, ara wa á ta wá jí, a ó yíjú. Ọpọlọ ọmọ tuntun kò tíì mọ ìtají yẹn dáadáa, pàápàá láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin, ìgbà tí ikú òjijì ọmọ ọwọ́ máa ń wọ́pọ̀ jù lọ.

Ọkọ mi lọ ra fóòmù tó le, tó bá bẹ́ẹ̀dì náà mu gẹ́lẹ́, tí kò fi àyè sílẹ̀ létí igi. Aṣọ kan ṣoṣo la fi bò ó, a fà á le dan-in dan-in. Kò sí irọ̀rí, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kò sí bèbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kọ́kọ́ fẹ́ fún wa ní bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ tirẹ̀ lò, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sókè sódò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò gbà á. Ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sódò yẹn máa ń yọ, ọmọ á sì há sí àárín rẹ̀ àti fóòmù. Torí ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin de irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2011. Lọ́dún 2022 wọ́n tún fòfin de tìmùtìmù tí a ń so mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi so, àti ibùsùn ọmọ tó dagun ju dígírì 10 lọ. Ẹ ronú sí i: ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn nǹkan wọ̀nyí fi wà lórí àtẹ tí a ń rà wọ́n, tí a sì ń dúpẹ́ pé a rí wọn rà. Pé wọ́n ń ta nǹkan fún ọmọ kò sọ ọ́ di ohun tí ọmọ lè sùn sí. Tí ẹ bá fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ mi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wọn àlàfo àárín igi rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Ìyá mi dé lọ́sẹ̀ náà. Bó ṣe rí i pé mo fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, ó dìde lórí àga. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wàrà há a lọ́fun ni? Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bí, àyà yín ni mo dà délẹ̀, gbogbo yín lẹ sì wà láàyè." Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí àwọn dókítà ayé ìgbà náà kọ́ wọn ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn dókítà fúnra wọn pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó là wọ́n lójú ni Susan Beal, dókítà ọmọdé kan ní Adelaide, ní Ọsirélíà, tó máa ń lọ sílé àwọn òbí tí ọmọ wọn kú sójú oorun, tó ń bi wọ́n bí ọmọ ṣe sùn àti ohun tó wà lórí ibùsùn. Ó rí i pé àwọn tó dojúbolẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́dún 1991 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Lọ́dún 1994 Amẹ́ríkà ṣe tiwọn. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ikú òjijì ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà dín ju ìdajì lọ. Oògùn kọ́ ló ṣe é o. Bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ló yí padà jù lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún tàbí iye ló yí ìyá mi lọ́kàn padà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, ó gbé ìka rẹ̀ méjì lé ara wọn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Nígbà tí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Wàrà tó bá ń padà bọ̀ ní láti gun òkè kó tó lè bọ́ sí ọ̀nà èémí." Ó wá yí ọwọ́ náà dà. "Ẹ da àyà rẹ̀ délẹ̀ báyìí: ọ̀nà oúnjẹ ti bọ́ sókè. Ibo ni wàrà máa sàn sí?" Ìyá mi gbé ìka tiwọn náà lé ara wọn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́n. Omi kì í gun òkè." Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń dá àlejò lẹ́kun. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, wọ́n á ní rárá, ẹ̀gbẹ́ kò dúró, ìgbà díẹ̀ ni yóò fi yí dojúbolẹ̀. Dídà àyà ọmọ délẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ là wá di iṣẹ́ tiwọn pátápátá: ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọ́n á dùbúlẹ̀ kọjú sí i, wọ́n á máa kọrin fún un kó lè gbé orí sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ṣe ń le.

Gbogbo ètò tí mo sọ yìí, ojú mọmọ ni mo fi ṣe é. N kò ro ti òru mọ́ ọn.

Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tuntun ń sùn tó wákàtí 14 sí 17 lóòjọ́, ìyá tó ń gbọ́ ọ á sì rò pé òun náà á rí oorun sùn. Gígé-gígé ni oorun náà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ọmọ ń mu ọmú láàárín ọ̀sán àti òru, tí ẹ bá sì ti fún un tán, tí ẹ pàrọ̀ ìdí rẹ̀, tí ẹ gbé e léjìká títí ó fi gùnfẹ̀, tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, tó sunkún, tí ẹ tún gbé e, òmíràn ti kù díẹ̀. Ìyá mi ti padà sílé wọn. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi láéláé, mo sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di ẹ̀jẹ́ mú. Nítorí náà, tó bá ti jí lóru, màá gbé e lọ sí pálọ̀, màá jókòó sórí sófà. Mo rò pé bí mo bá jókòó, n kò ní sùn. Mo rò pé ohun tó dára ni mò ń ṣe, torí pé mo sá fún bẹ́ẹ̀dì.

Ó di òru ọjọ́ kọkàndínlógún. Mo rántí pé aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí mo jókòó. Mo rántí pé ó ń mu ọmú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Ohun tí mo tún rántí ni pé apá òsì mi ti kú tipiri, òun ló jí mi. Itan mi ṣófo. Àyà mi ṣófo. Ọmọ mi ti yọ̀ kúrò lára mi, ó ti há sáàárín ìhà mi àti ẹ̀yìn sófà, ojú rẹ̀ kọ sínú tìmùtìmù, etí rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Aago mẹ́rin ti kọjá.

N kò mọ bí mo ṣe fà á yọ. Ara rẹ̀ gbóná, òógùn ti rin irun orí rẹ̀ gbindin. Ó fa èémí kan gígùn, ó sì ké. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi bí igbe yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé e mọ́ra, mo ń pe ọkọ mi, ohùn mi kò jáde. Nígbà tó yá ló bá wa níbẹ̀, àwa méjèèjì ń sunkún.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Dókítà wá bi mí níbi tí a wà nígbà tí oorun gbé mi lọ. Mo tẹrí ba, mo sọ. Ó ní sófà burú ju bẹ́ẹ̀dì yín lọ. Ó dagun sẹ́yìn, ó rọ̀, ó ní kòtò níbi tí ìjókòó ti pàdé ẹ̀yìn, ọmọ tó bá yọ̀ síbẹ̀ kò lágbára láti jáde. Ó ní ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ ọ́ kedere: ibùsùn tirẹ̀ ló yẹ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìyá bá mọ̀ pé oorun lè gbé òun lọ níbi tí òun ti ń fún un lọ́mú, ewu bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà kéré sí ti sófà tàbí àga onítìmùtìmù.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀ títí dòní. Gbogbo ènìyàn ló sọ ibi tí n kò gbọ́dọ̀ sùn fún mi. Kò sí ẹni tó bi mí ní ibi tí oorun ti ń gbé mi lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ibi tí a tẹ́ fún ọmọ láti sùn àti ibi tí ó ń bá ara rẹ̀ nígbà tí agbára ìyá bá pin. Èkejì ni mo gbàgbé.

A tún ilé tò lọ́jọ́ náà gan-an. A gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ wá sí yàrá wa, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ń sùn, níbi tí ọwọ́ mi ti tó o láìdìde. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa, lórí ibùsùn tirẹ̀, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. N kò gbé e lọ sí pálọ̀ lóru mọ́. Kí n tó sùn, màá ti kó irọ̀rí kúrò ní apá ọ̀dọ̀ mi, màá ti ká aṣọ ìbora lọ síbi ẹsẹ̀, a sì ti rí i dájú pé kò sí àlàfo láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Tó bá fẹ́ mu ọmú, màá gbé e, màá jókòó síbẹ̀, màá ṣètò fóònù kó dún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Bí oorun bá fẹ́ ṣe èyí tó wù ú, ibi tó ti máa bá mi kò ní kòtò. Gbàrà tí mo bá sì ti ta jí, ọmọ á padà sórí ibùsùn tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni fóònù yẹn bá mi lójú oorun. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ètò yìí kò bá gbogbo ilé mu. Ọmọ tèmi pé oṣù kó tó dé, ó sì wúwo ju kílò 3 lọ. Tó bá jẹ́ ọmọ tí kò pé ọ̀sẹ̀ 37 nínú ni, tàbí tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ìyá tàbí bàbá ń mu sìgá, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn mu ọtí tàbí oògùn tó ń kunni lóorun lálẹ́ ọjọ́ náà, ewu ibẹ̀ ga gidigidi. Kí ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ là jókòó tì yín tí ẹ bá ń fún un lọ́mú, kó sì gba ọmọ lọ́wọ́ yín.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù lọ kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi gba aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago kan òru. Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, òun ló ni ọmọ: á gbé e wá fún mi kó mu ọmú, á gbà á padà, á mú kó gùnfẹ̀, á pàrọ̀ ìdí rẹ̀, á tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èmi á máa sùn. Oorun wákàtí mẹ́rin yẹn ló sọ mí di ènìyàn padà. Bí àwọn ènìyàn bá bi mí ní ohun tí wọ́n lè mú wá fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo máa ń ní kí wọ́n mú ọwọ́ méjèèjì wá, kí wọ́n bá a gbé ọmọ, kí ìyá náà lè lọ sùn lójú ọ̀sán. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn òru yẹn, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n gbádùn. Màá dúró lórí ọmọ, màá máa ka èémí rẹ̀. Á mí kíákíá, kíákíá, kíákíá, á wá dákẹ́. Màá máa kà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta... títí dé mẹ́jọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tuntun máa ń mí bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 kò burú. Tó bá dákẹ́ tó 20, tàbí tí ètè rẹ̀ ń di búlúù, ilé ìwòsàn lọ́gán. A tilẹ̀ ra ẹ̀rọ tí a ń wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ tó ń wo ìlùkìkì ọkàn. Ẹ̀rọ náà han lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ń sùn jẹ́ẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. A dá a padà. Àwọn dókítà ọmọdé kò gbà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń dín ikú òjijì kù, ó sì ń mú kí òbí fọkàn tán ẹ̀rọ ju bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lọ.

Ní ti ooru, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sábà máa ń tutù. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. N kò sì dé fìlà fún un sùn nínú ilé mọ́, torí orí ni ooru ti ń jáde lára rẹ̀. Tí ara bá gbóná tó 38 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná ara, tí ọmọ kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Aṣọ tí a fi ń wé e kí ó má baà ta gìrì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, mo rí i tó gbé ìbàdí, tó fẹ́ yí. Òru ọjọ́ náà ni wíwé ti dópin. Ó sunkún fún òru mẹ́rin. Ọmọ tó yí dojúbolẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ kò ní ohun tó máa fi ti ara rẹ̀ sókè.

Ti ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ ni ó nira fún mi jù láti tẹ̀ lé, torí pé ibẹ̀ ló ti ń sùn fọnfọn. Ó dára nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, tí ìgbànú rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n tí a bá ti délé, tí a gbé ìjókòó náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lè ṣubú lé àyà, ọ̀nà èémí rẹ̀ á ká kò. Gbígbé la máa ń gbé e jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á jí, tí oúnjẹ wa á sì tutù.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ààbọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí síwá sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, màá padà wá bá a tó da àyà délẹ̀, ìdí lókè, tó ń hanrun díẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo yí i padà lẹ́ẹ̀meje. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi í sílẹ̀: ọmọ tó lè yí lọ tó sì lè yí bọ̀ ti ní agbára ọrùn, kí n sáà ti rí i pé bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo.

Oyún àbúrò mi obìnrin ti pé oṣù méje báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú bẹ́ẹ̀dì wo ni kí n rà?" Mo ní a máa dé orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó kọ́kọ́ jí ní aago mẹ́ta òru òní, kó rìn gba inú ilé rẹ̀ kọjá, kó jókòó síbi tí ara rẹ̀ bá gbé e lọ, kó sì pè mí láàárọ̀ kó sọ ibi tó jókòó sí fún mi. Ó pè. Ó ní, "Sófà ni."